Ọkọ̀ Ni Mo Kọ, Ọkọ Ni Wọ́n Gbọ́

Tata Ẹ̀bùn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló kọ́kọ́ sọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí fún mi, nítorí èmi fúnra mi kéré ju ẹni tó lè rántí. Ó ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgé-tàgé ni, lọ́dún tí ìyá mi ra àmù tuntun kan tí wọn kò tíì pọn omi sí. Wọ́n dà á dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ilé kí ó lè yá oòrùn. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n wá mi tì. Wọ́n wá mi dé abẹ́ igi kajú, wọ́n wá mi dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ìyá mi ti káwọ́ lérí. Ìgbà náà ni Tata gbọ́ ohùn kan bí ẹni pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Èmi ni mo ki orí bọ inú àmù. Mo ń ké "oo", àmù ń dá mi lóhùn "oo". Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi fà mí jáde, mo sì sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

"Àbúrò mi," ni Tata wí fún ìyá mi, "ọmọ yìí ti rí ẹni tó ń dá a lóhùn. Má retí pé yóò gbọ́ tìrẹ mọ́."

Bí iṣẹ́ ṣe mú mi nìyẹn. Ẹlòmíràn a máa jáde lọ wá iṣẹ́. Iṣẹ́ tèmi, inú àmù ló jókòó sí tó ń dúró dè mí.

Ní báyìí tí mo ti gbé míkírò kalẹ̀, tí ohùn mi ti di ohùn tí mo fi ń pe adìẹ, àwọn ọ̀dọ́ ń wá bá mi ní Tchaourou níhìn-ín. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ lórí zẹ̀míjàn, alùpùpù akérò, wọ́n á gbọn eruku aṣọ wọn, wọ́n á ní: "Tata Àfọ́nsìn, ṣé orin lè jẹ́ iṣẹ́ lóòótọ́?" Owó ni wọ́n fẹ́ bi mí, ojú ń tì wọ́n ni. Owó orin dà bí òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: á ṣú, á ṣú, ìgbà tó bá wù ú ni yóò rọ̀. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́.

Irú orin tí mo kọ, èmi ni mo sọ ọ́ ní orin ọyẹ́. Ẹ̀yin náà mọ àárọ̀ ọyẹ́. Kùrukùru á bo gbogbo àdúgbò, o kò ní rí ilé ẹnì kejì rẹ, ṣùgbọ́n wàá máa gbọ́ ọmọ odó. Wọ́n ń gún nǹkan níbì kan. Níbo, o ò mọ̀. Ìró náà á fẹ́lẹ́, á jìnnà, á tún súnmọ́ ọ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí ọ létí lójú oorun. Ohun tí mo fi gbogbo ayé mi wá nìyẹn: gìtá tó ń ṣàn bí omi, ohùn tó ń léfòó lórí rẹ̀ láìkánjú, tí ohùn náà sì ń padà wá bá ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Cotonou gbọ́ ọ, wọ́n ní ó lórúkọ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, pé pọ́ọ̀pù ojú àlá ni. Mo ní kò burú. Orúkọ tí wọ́n bá sọ ọmọ lẹ́yìn odi, bó bá ti dùn létí, ọmọ á máa jẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ojú àlá ni mo ti kọ́ ọ. Oko iṣu ni.

Tata Ẹ̀bùn ni ọ̀gá àwọn obìnrin tó ń kọrin níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, láti Tchaourou títí dé Savè. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Kò jẹ́ kí n dá orin. Ẹ̀gbè ni mo ń gbè, ẹ̀gbè títí, àfi bíi pé n kò ní ẹnu tèmi. Òfin kan ṣoṣo ló ní: sọ ọ́ kí o tó kọ ọ́. Bí a bá dé oko, á mú mi dúró ní ìpẹ̀kun kan, òun á lọ sí ìpẹ̀kun kejì, ebè á wà láàárín wa lọ súà. Èmi á fi orin pe ọ̀rọ̀ kan, òun á kígbe ohun tó gbọ́ padà. Bí mo bá kọ "igbá" tó sì gbọ́ "ìgbà", mo gbé.

"Ìgbà wo?" ni yóò ké láti ọ̀hún. "Ìgbà tí o máa gbọ́n ni, àbí ìgbà tí mo máa kú?"

"Tata, igbá ni mo wí!"

"Igbá tó fọ́ nìyẹn. Tún un kọ."

Àwọn tó ń kọ ebè á máa rẹ́rìn-ín. Bí mo bá tún ṣì í, èmi ni n ó ru omi gbogbo ilé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó máa ń wí fún mi pé, "Orin ni ẹṣin, ọ̀rọ̀ ni ẹni tó gùn ún. Bí ẹṣin bá dá dé, ẹ yáa wọ igbó lọ wá ẹni náà, ó ti ṣubú síbì kan." Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ èdè wa, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Àwọn mìíràn láyé lè gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sókè, kí wọ́n gbé e wá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní yí padà. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ọmọ ẹlòmíràn.

Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu lóko. Bí mo bá délé, ẹ̀yìn ilé ni mò ń lọ, ìdí àmù. Ọjọ́ kan ó ká mi mọ́bẹ̀.

"Kí lò ń ṣe nínú àmù?"

"Ohùn ni mò ń wá, Tata."

"Ṣé ohùn rẹ ló bọ́ sómi?"

Ó ní kí n kọ ọ́ kóun gbọ́. Mo kọ ọ́. Etí rẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi títí mo fi parí.

"Ó dùn," ni ó wí. "Ó dùn bí oorun ìdájí. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohun tí o wí."

"Ṣé dandan ni kí èèyàn gbọ́ ọ?"

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó kàn wò mí bí àgbẹ̀ ṣe máa ń wo ìkúùkù tó ṣú lọ́nà jíjìn. "Dandan ni," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìdí àmù ni mo ti dé ọ̀dọ̀ Gàníù ní Parakou, Tonton ni mo ń pè é, bí a ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níhìn-ín. Rédíò ló ń tún ṣe kó tó di ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ fún àwọn èèyàn. Yàrá kan ló ní, ó fi mátírẹ́ẹ̀sì bo gbogbo ògiri rẹ̀, bí o bá wọlé tí o sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á kú sí ọ lẹ́nu. Mo ní, "Tonton, ohùn mi ò mí níhìn-ín." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ yí àgbá omi kan tó ti ṣófo wá sínú àgbàlá, ó so míkírò kọ́ sínú rẹ̀, ó ní kí n dúró lẹ́nu rẹ̀ kọrin. Bí a ṣe gba kásẹ́ẹ̀tì mi àkọ́kọ́ sílẹ̀ nìyẹn, tí àkùkọ aládùúgbò sì bá wa gbè níbẹ̀. Nígbà tó yá, Tonton gbé àpótí pẹlẹbẹ kan dé láti Cotonou. Bí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ á jáde, á sì tún máa padà bọ̀, á máa rọra kú lọ, bí ẹni pé o wà láàárín òkè méjì. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, omi dà lójú mi.

"Kí lò ń sunkún sí?"

"Tonton, ẹ ti ki àmù mi bọ inú àpótí."

Àpótí yẹn ló sọ mí di ẹni tí wọ́n ń pè. Òun náà ló dá mi lọ́ràn.

Lákòókò yẹn, ọkọ̀ ojú irin ò kọjá ní ìlú wa mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bó bá ń bọ̀ láti Savè, ilé wa á kọ́kọ́ mọ̀. Abọ́ á máa kanra wọn, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹní, àwa ọmọdé á ṣí ojú nínú òkùnkùn, a ó máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dáwọ́ dúró, mo máa ń jí, n ó máa retí ìgbọ̀n náà. Ọyẹ́ ọdún kan, mo jókòó sí àgbàlá, orin kan sì bọ́ sí mi lẹ́nu:

*Ọkọ̀ ò dé mọ́,*
*koríko ti bo irin,*
*ilé ò mì tìtì mọ́,*
*mo ń gbọ́ ọ lójú oorun.*

Mo gbé e lọ fún Tonton Gàníù. Gbogbo rẹ̀ fò, àfi "irin". Ọ̀rọ̀ náà tín-ín-rín, eyín ló ń há sí, kò jẹ́ kí ẹnu là. Mo yọ ọ́, mo fi "ọ̀nà" sí i: koríko ti bo ọ̀nà. Ẹnu là, ohùn tú jáde, ó ṣe wọ̀ọ̀ nínú àpótí. "Ọkọ̀" tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn, mo nà án tààrà, mo jẹ́ kó léfòó, nítorí pé bó bá sọ̀kalẹ̀, kùrukùru á ká. Tonton Gàníù di ojú rẹ̀. Ó ní, "Voilà, òun nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n mú ọkọ mi wọ inú ìtàn báyìí. Mákísìm lorúkọ rẹ̀, bàbá Ìrètí, ọmọ mi. Mẹkáníìkì ni, ó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe. Ó ti kọjá Kika, ó ti wọ ilẹ̀ Nàìjíríà níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń kó kajú ti ń bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ọdún kérésìmesì ló ń wálé. Nígbà tó yá ó di pé ó ń ránṣẹ́. Nígbà tó tún yá, iṣẹ́ náà ò dé mọ́. N kò mọ̀ bóyá ó ti gbàgbé wa ni, tàbí ojú ló ń tì í. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, n kò sì fi kọrin. Ojú irin ni mo fi kọrin.

Rédíò gbé orin náà. Bí mo bá ń lọ ní ọjà, àwọn obìnrin á dì mọ́ mi, omi á lé ròrò lójú wọn. Mo rò pé tírẹ́ẹ̀nì ni wọ́n ń ṣàárò. Mo ní ẹ̀yin èèyàn wa mà nífẹ̀ẹ́ tírẹ́ẹ̀nì o!

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìyá ọkọ mi dé láti Kika, ó fi ìborí dúdú wé orí, erùpẹ̀ ọ̀nà bò ó. Mo kúnlẹ̀, mo gbé omi fún un. Kò gbà á. Ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ kí ìyá ọkọ kọ omi ìyàwó.

"Ìyàwó, ìgbà wo ni ọmọ mi kú?"

"Ẹ gbà mí! Ìyá, ta ló ní ó kú?"

"Ìwọ ni. Rédíò ló gbé e. Gbogbo Kika ti wá kí mi kú àfẹ́kù. Ọkọ ò dé mọ́, koríko ti bo ọ̀nà. Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́?"

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí mo kọ. "Ìyá, ọkọ̀ ni mo wí! Ọkọ̀! Tírẹ́ẹ̀nì!"

"Tírẹ́ẹ̀nì." Ó tọ́ ọ wò lẹ́nu bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ tó kan. "Tírẹ́ẹ̀nì ló ń mi ilé rẹ tìtì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá, nígbà tí mo wà ní kékeré..."

"Gbẹ́nu dákẹ́! O ní ilé ò mì tìtì mọ́! Lórí rédíò! Pásítọ̀ ń gbọ́, lèmọ́mù ń gbọ́. Ṣé ohun tí ìyàwó ilé ń ké síta nìyẹn?"

Aládùúgbò mi bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri. Ẹ̀rín fẹ́ pa èmi náà, ẹkún sì fẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àfọ́nsìn, yóò gbọ́ ọ níbi tó wà. Ọkùnrin kì í padà sí ilé tí wọ́n ti fi orin sìnkú rẹ̀. Bí ọmọ mi ò bá wálé mọ́, ìwọ lo ti ilẹ̀kùn. Lọ tún un kọ."

Mo gba ọ̀dọ̀ Tata Ẹ̀bùn lọ. Ó ti darúgbó gan-an nígbà náà, ó jókòó sídìí máńgòrò. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí i fún un. Ó gbọ́ ọ dópin.

"Ọkọ ni mo gbọ́."

"Tata, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ̀ ni."

"Mo mọ̀. Mímọ̀ yàtọ̀ sí gbígbọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ̀, o nà án. Irin tí ì bá tọ́ka sí i, o yọ ọ́. Ẹṣin ti dá dé, Àfọ́nsìn."

Mo padà sí Parakou. Mo fi "irin" padà sí àyè rẹ̀. Mo kọ "ọkọ̀ ojú irin" kedere, ohùn sọ̀kalẹ̀ níbi tó yẹ kó sọ̀, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. A gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àpótí. Tonton Gàníù gbọ́ ọ, ó họ irùngbọ̀n.

"Ó ti mọ́ báyìí," ó ní. "Ó mọ́ bí abọ́ tí oúnjẹ ò sí nínú rẹ̀."

Rédíò gbé èyí náà. Kò sẹ́ni tó tún béèrè fún un.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí sí Bétérou níbi ọdún iṣu tuntun. Mo kọ orin tí mo tún ṣe náà. Àwọn obìnrin ń wò mí. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Tata, ẹ ṣeun. Ẹ wá kọ tiwa báyìí."

"Tiyín wo?"

"Èyí tó jẹ́ ti ọkọ. Ti tírẹ́ẹ̀nì yìí dára, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n tírẹ́ẹ̀nì kọ́ ló bímọ fún wa tó wá lọ sí Gàbọ́ọ̀nù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo ní n kò lè kọ ọ́, pé mo ti ṣèlérí fún ìyá ọkọ mi. Ni ìyá ọlọ́mọ náà bá dá a fúnra rẹ̀. Àwọn yòókù gbà á. Wọn kò ní àpótí, wọn kò ní gìtá, àtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n na ọ̀rọ̀ náà tààrà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe nà án, kò sọ̀kalẹ̀, ó ń lọ lórí oko bí èéfín àárọ̀. Mo dúró láàárín wọn, n kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí gbè.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí Mákísìm dé. Mò ń kó èlùbọ́ nílẹ̀ nítorí ìkúùkù, mo gbọ́ alùpùpù lẹ́nu ọ̀nà. Erùpẹ̀ pupa bò ó dé ìpéǹpéjú. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀." Ó jókòó sórí òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Wọ́n ti sọ mí lórúkọ níbi iṣẹ́," ó ní.

"Orúkọ wo?"

"Ò-Dé-Mọ́. 'Ò-Dé-Mọ́, gbé sípánà wá.' 'Ò-Dé-Mọ́, ìyàwó rẹ tún ti wà lórí rédíò.'" Ó ń wo ilẹ̀. "Nígbà tó pẹ́, mo rí i pé orúkọ náà bá mi mu. Mo bá dé."

"Bàbá Ìrètí, ọkọ̀ ni mo kọ. Ọlọ́run gbọ́. Tírẹ́ẹ̀nì ni."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ èyí tí o tún kọ." Ó gba omi lọ́wọ́ mi, ó mu ún tán. "Bó bá jẹ́ òun ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ni, ǹ bá ṣì wà lọ́hùn-ún. Ta ló ń wálé nítorí tírẹ́ẹ̀nì?"

Ó dìde, ó bá mi kó èlùbọ́.

Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀, ó ní irọ́ ni, pé èyí tí mo tún kọ ló ṣí ilẹ̀kùn tí èkínní tì. Títí di òní, wọn ò tíì parí ìjà náà.

Láti ìgbà náà, Mákísìm ló ń wà mí kiri, ó di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, a dé Savè, a dé Cotonou. Tata Ẹ̀bùn sùn, kò jí mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì kú, àwo pẹlẹbẹ tó ń dán rọ́pò rẹ̀, àwo náà kú. Tonton Gàníù tú mátírẹ́ẹ̀sì kúrò lára ògiri, ó ra òdinátọ̀, kọ̀ǹpútà. Nǹkan tí a fi àgbá omi wá nínú oòrùn, Ìrètí ọmọ mi ń fi ìka kan ṣe é lórí ibùsùn rẹ̀. Ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í fà ya lókè, mo sì gbé e kalẹ̀ kó tó já. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn, kò sí ayẹyẹ.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí, Ìrètí ń kó àwọn orin mi àtijọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó pè mí sídìí òdinátọ̀. Ohùn mi wà níbẹ̀, ó rí bí ebè oko, òkè àti kòtò.

"Màmá, ẹ wò ó. Ibi tí 'ọkọ̀' ti dúró tààrà nìyí. Mo lè fà á wálẹ̀ díẹ̀. Kùrukùru rẹ̀ ò ní ká, ọ̀rọ̀ náà á sì pé. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ohun tí mo fi gbogbo ayé mi wá nìyẹn o, ọ̀rọ̀ tó yé èèyàn àti ohùn tó ń léfòó, nínú orin kan náà.

"Fà á wálẹ̀ jàre," ni ìyá ọkọ mi, tó ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, wí láti orí ẹní. "Mi ò fẹ́ kú kí wọ́n ṣì máa kọrin pé ọmọ mi ò dé mọ́, ó sì jókòó síbí yìí tó ń jẹ gbogbo ẹran ọbẹ̀."

"Ẹni tó bá fà á wálẹ̀," ni Mákísìm wí, kò gbé ojú kúrò nínú abọ́, "kó bá mi di ẹrù mi. Èmi ò mọ ọ̀nà míì tí mo gbà wálé."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo gba nǹkan ìgbọ́rọ̀, mo fi sétí, mo di ojú. Ọ̀dọ́bìnrin kan ń kọrin nínú ọyẹ́, ó jìnnà, ó tún súnmọ́, kò kánjú. Mo tẹ́tí gidigidi, èmi tí mo kọ ọ́ fúnra mi, èmi tí mo mọ̀ pé tírẹ́ẹ̀nì ni. Ọkọ ni mo gbọ́.

Ìka Ìrètí ṣì wà lórí ẹ̀rọ, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, tí o fẹ́ fi orin ṣiṣẹ́ jẹun, bó bá jẹ́ ìka tìrẹ nìyẹn, ṣé wàá fà á wálẹ̀?